Ẹ̀wọ̀n iwájú orí ìyàwó Íńdíà: mo fẹ́ bá wọn so ó, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mò ń so

Onígèlè Leicester

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ gèlè ni mò ń ṣe ní Leicester níbí, mo tún máa ń ṣe irun. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbé ọmọ Íńdíà níyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Gujarat ni ìdílé ọmọbìnrin náà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Kampala ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí Idi Amin lé kúrò ní Ùgáńdà lọ́dún 1972. Ìgbéyàwó Híńdù máa wáyé láàárọ̀ Sátidé, ìdána tiwa di ọjọ́ Àìkú. Ìyàwó ní èmi ni òun fẹ́ kó ṣe orí òun lọ́jọ́ méjèèjì.

Gèlè ò já mi láyà. Ohun tó ń já mi láyà ni ẹ̀wọ̀n wúrà kan tí wọ́n ń pè ní maang tikka. Ẹ ti rí i nínú fíìmù Íńdíà: ìkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n á gba àárín irun wálẹ̀, nǹkan roboto kan á wá rọ̀ síwájú orí. Ti ìyá ìyá rẹ̀ ni. Péálì kéékèèké méje ló wà létí rẹ̀. Mẹ́fà jọra bí ọmọ ìyá, ìkeje funfun jù wọ́n lọ. Nígbà tí a dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi píìnì méjì há a. Ìyàwó ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí nǹkan náà fi yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ó bá lọ sùn sórí irun ojú rẹ̀. Màmá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka méjì ṣe nǹkan kan sí i, ó dúró. Mi ò rí ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ gbà mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń so ó tí kì í fi í yọ̀? Kí ló sì túmọ̀ sí gan-an? Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní nǹkan òrìṣà ni, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ti gba àsansílẹ̀, mo sì ti fi ra nǹkan.

Ọmọ Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o. Nínú gbogbo fíìmù Íńdíà tí mo wò ní kékeré, tí ẹ̀wọ̀n yẹn bá ti já, òjò á bẹ̀rẹ̀, iná á kú, ìyá ọkọ á dákú 😂

Àǹtí Southall

Ọmọ Ṣàgámù, jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ná.

Onígèlè, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe irun ìyàwó ní Southall, ọmọ Punjab ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibi orúkọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Maang ni ìlà tí wọ́n fi ń pín irun sí méjì láti iwájú lọ sí àtàrí. Tikka ni àmì, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka tọ́ nǹkan síwájú orí. Ìlà yẹn ni ọ̀gá, ẹ̀wọ̀n kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tí ìlà bá wọ́, kò sí píìnì tó lè gbà yín. Ẹ fi ìrù òòyà pín in nígbà tí irun ṣì tutù díẹ̀, kí ẹ sún mọ́ dígí, kí ẹ wo imú rẹ̀. Ìlà àti imú gbọ́dọ̀ bá ara wọn lọ.

Níbi tí ìlà parí sí, ẹ di irun tín-ín-rín kan, irú èyí tí à ń dì sábẹ́ wíìgì, kó má gùn ju ìka ọmọdé lọ. Abẹ́ ìdì yẹn ni ìkọ́ máa wọ̀. Irun wọn ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, kò dà bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí píìnì yín fi sá. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi píìnì méjì kọ́ ara wọn lórí ìkọ́ bí àgbélébùú.

Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé rèé: ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o, ẹ má sì fi píìnì kan ẹ̀wọ̀n mọ́ irun láti òkè délẹ̀. Àsìkò kan ń bọ̀ nínú ètò Híńdù tí ọkọ máa gbé tikka yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí á wá da lẹ́búlẹ́bú pupa kan, sindoor, sínú ìlà irun náà. Títí dìgbà yẹn, ìlà náà á ṣófo. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá rí pupa níbẹ̀ mọ̀ pé adélébọ̀ ni. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù irun ojú lẹ tikka mọ́ ìyàwó níwájú orí. Ọkọ ń fà á, ìyàwó ń pariwo, fídíò ń ká a lọ. Ẹ má bi mí ẹni tó lẹ̀ ẹ́.

Tó bá ní apá méjì tó ń tẹ̀ lé etí irun lọ sí ọ̀dọ̀ etí, matha patti nìyẹn. Matha ni iwájú orí. Ó wúwo díẹ̀, ìdì mẹ́ta lẹ máa nílò.

Ìránṣẹ́ Olúwa 77

Mo kí gbogbo ilé. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ibi tí nǹkan yẹn ń rọ̀ sí, àwọn Híńdù gbà pé ojú kẹta wà níbẹ̀, ajna ni wọ́n ń pè é. Kò yẹ kí ọmọ Ọlọ́run máa so ohun tí kò mọ orírun rẹ̀ mọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ. Orí kì í ṣe ibi eré.

Alfa Hyderabad

As-salaamu alaykum. Ìránṣẹ́ Olúwa, a jọ gbà pé orí kì í ṣe ibi eré. Àmọ́ ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Hyderabad, nikah, ìyẹn ìgbéyàwó Mùsùlùmí, tí mo sì lọ jẹun níbẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn ìyàwó Mùsùlùmí ibẹ̀, àti ti Lucknow, àti ti Pakístàn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń so tikka. Wọn ò gba ojú kẹta gbọ́, wọn kì í sì í fi sindoor.

Wọ́n tún ní èyí tó jẹ́ ìdánimọ̀ tiwọn: jhoomar, àwọn míì ń pè é ní passa. Ẹ̀gbẹ́ orí ló máa ń wà, òsì lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ṣe bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, péálì á wá máa rọ̀ wálẹ̀ létí rẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n á ní ààfin àwọn ọba Mughal ló ti jáde. Ìlú péálì sì ni Hyderabad, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun jìnnà sí i. Ọ̀nà ilẹ̀ Lárúbáwá ni péálì ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn Nizam, ọba Hyderabad, nígbà náà.

Ohun tó dúró fún ẹ̀sìn wà lára ìyàwó Híńdù, mi ò jiyàn. Sindoor wà níbẹ̀, mangalsutra tí ọkọ ń so sí i lọ́rùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tikka, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú kẹta níbẹ̀ á rí i. Èyí tó pọ̀ jù ń so ó torí pé ìyá wọn so ó.

Onígèlè Leicester

Àǹtí Southall, ẹ ò ní ṣìnà láé. Gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ lò o! Òun gan-an ni mo fi àsansílẹ̀ rà.

Alfa, ẹ ṣé. Màá sọ fún ìyá yẹn. Kò ní gbọ́, àmọ́ màá sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan tún yà mí lẹ́nu. Mo yí tikka yẹn padà, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ dára ju iwájú lọ. Òdòdó pupa àti ewé tútù ni wọ́n yà síbẹ̀, òdòdó kan kò tó ẹyọ ìrẹsì. Ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò ní rí! Ta ni wọ́n ṣe é fún?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Wúrà

Inú mi dùn pé ẹ yí i padà. Iṣẹ́ wúrà ni bàbá mi ṣe jẹun n'Íbàdàn, èmi náà fẹ́ná títí kí n tó sá lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kundan ni, iṣẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni meenakari. Jaipur ni ojúlé iṣẹ́ méjèèjì. Ìtàn wọn ní Raja Man Singh, ọba Amber nítòsí ibẹ̀, ló kó àwọn oníṣẹ́ meenakari wá láti Lahore.

Ẹ wo òkúta ara rẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní rí eyín irin kankan tó gbá a mú. Wọ́n á fi wúrà ṣe ilé kékeré tó ní ihò, wọ́n á fi lac kún inú rẹ̀, ìyẹn oje kan tí kòkòrò máa ń sun sára igi. Wọ́n á gbé òkúta jókòó sínú oje yẹn, wọ́n á tẹ́ bébà wúrà tàbí fàdákà sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa tàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi irin ṣóńṣó tẹ wúrà tí wọ́n ti pa pẹlẹbẹ yí òkúta ká, díẹ̀díẹ̀, láìsí iná. Wúrà tó mọ́ tónítóní, tí kò ní àbùlà, máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Wúrà mímọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní kundan. Mo sọ fún bàbá mi nígbà ayé wọn, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n gbìyànjú ẹ̀, wọ́n wá dákẹ́.

Ní ti ẹ̀yìn, dígí lílọ̀ ni wọ́n ń rọ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára wúrà, tí wọ́n á fi iná yọ́. Àwọ̀ tó lè fara da iná jù ló ń kọ́kọ́ wọlé, pupa ló ń kẹ́yìn torí pé kíá ló máa ń bàjẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é sẹ́yìn ni pé wúrà tó mọ́ rọ̀. Tó bá ń fi ara ha awọ èèyàn, á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Dígí yẹn ló ń gbà á sílẹ̀. Ẹ tún bi mí ta ni wọ́n ṣe é fún? Ẹni tó ń so ó. Kó tó so ó, òun nìkan ló ń rí ẹ̀yìn.

Torí oje inú rẹ̀, ẹ má gbé irin gbígbóná tí ẹ fi ń ká irun sún mọ́ ọn rárá. Oje á yọ́, òkúta á jábọ́. Tí ẹ bá máa fín nǹkan sí irun, kí ẹ tó so ó ni kí ẹ fín in, ẹ má fín in lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Péálì ìkeje yẹn ńkọ́? Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà kan. Ẹ bi màmá àgbà.

Ìyá Chennai

Ẹ má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo Íńdíà ló ń so nǹkan kan náà. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Chennai, ilẹ̀ Tamil. Níbẹ̀, nethi chutti lorúkọ èyí tó ń gba àárín irun. Ṣùgbọ́n kì í dá wà. Oòrùn kékeré kan wà lápá ọ̀tún orí, òṣùpá lápá òsì, òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní kemp kún ara wọn. Lẹ́yìn wá ni iṣẹ́ gidi wà: irun dídì kan ṣoṣo tó gùn dé ìbàdí, tí wọ́n á fi wúrà bò láti òkè délẹ̀, orí ejò á wà lókè rẹ̀. Jadai nagam nìyẹn, irun ejò. Ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi sára ère nínú tẹ́ńpìlì ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó bọ́ sára àwọn oníjó, ìyàwó náà wá ń lò ó. Tí ẹ bá ti wo ijó Bharatanatyam, ẹ ti rí i.

Ọmọ aládùúgbò wa ṣègbéyàwó, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n pè mí. Obìnrin márùn-ún jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sín òdòdó jasmine, wọn ò wo ọwọ́ wọn. Òórùn náà kún gbogbo ilé. Nígbà tí ìyàwó dìde, ó ní kí n di apá òun mú torí pé ẹrù tó wà lẹ́yìn orí òun ń fa òun sẹ́yìn.

Ní Maharashtra, péálì tàbí òdòdó ni wọ́n ń sín, tí wọ́n á so ó yí iwájú orí ká, tí ìyókù á sọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Mundavalya ni. Ọkọ náà ń so ó! Ní Bengal, ọkọ ló tún ń dé èyí tó ga jù: topor, adé funfun ṣóńṣó tí wọ́n fi shola ṣe, igi kan tó ń hù nínú àbàtà, tó fúyẹ́ bí òwú. Ìyàwó ní tirẹ̀ tó kéré. Ní Rajasthan, borla ni, kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tikka yín yẹn, ó yí róbótó bí èso, èso igi kan báyìí ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní òkè Ladakh, perak ni, awọ gbọọrọ tí wọ́n to òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run sí láti iwájú orí dé ẹ̀yìn, ìyá ló ń gbé e fún àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Tí ẹ bá kọjá omi dé Sri Lanka, nalalpata ló wà lórí ìyàwó Kandy.

Ìránṣẹ́ Olúwa 77

Oòrùn! Òṣùpá! Ejò! Inú tẹ́ńpìlì! Ṣé ẹ ti ń gbọ́ ohun tí mo sọ?

Ìyá Chennai

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Mi ò sì ní parọ́ fún yín, inú ẹ̀sìn wọn ni ìyẹn ti wá. Wọ́n fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán àti tòru jọ máa bá ìyàwó gbé. Ṣùgbọ́n Gujarat lọ̀rọ̀ ti Onígèlè, kò sí ejò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe.

Lọ́yà Ìkẹjà

Mo kàn fẹ́ jù ú sí i. Orúkọ kan wà fún wúrà tí ìyàwó bá gbé wá: stridhan, ohun ìní obìnrin. Lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà sọ nínú ẹjọ́ Pratibha Rani àti Suraj Kumar pé ìyàwó ló ni ín pátápátá. Tí ọkọ tàbí àna bá gbà á pa mọ́, wọ́n kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, tó bá bèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Ó yàtọ̀ sí owó orí tí ìdílé ọkọ ń fipá gbà lọ́wọ́ àwọn òbí ìyàwó. Ẹ kíyè sí i, òdìkejì tiwa ni. Òfin ọdún 1961 ti ka ìyẹn léèwọ̀, ó sì ṣì ń lọ. Nítorí náà, tí obìnrin ibẹ̀ bá so wúrà mọ́rí, kì í ṣe fáàrí nìkan. Ó lè jẹ́ gbogbo ohun tó ní nìyẹn.

Ṣadé Abẹ́òkúta

Mo nífẹ̀ẹ́ gbogbo àlàyé yìí. Oṣù Kejìlá ni ìdána mi. Ṣé mo lè so tikka sórí gèlè? Mo ti rí i lára ìyàwó kan l'Ékòó.

Àǹtí Southall

Àbúrò, owó rẹ ni, orí rẹ sì ni. Àmọ́ ìlà irun ni nǹkan yẹn ń tẹ̀ lé, gèlè sì ti bo ìlà. Yóò kàn máa fì bí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ni. Tó bá wù ọ́, ìgbà tí o bá ṣí orí ni kí o so ó. Sindoor nìkan ni kí o má fi ṣeré.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Wúrà

Iyùn ńkọ́, Ṣadé? Àwọn ará Íńdíà náà ka iyùn pupa mọ́ òkúta mẹ́sàn-án wọn tó ṣe pàtàkì jù, moonga ni wọ́n ń pè é. Fi iyùn sórí, kí àwọn náà máa wò ọ́.

Onígèlè Leicester

Mo bi màmá àgbà nípa péálì. Ní 1972, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún wọn láti kúrò. Àwọn sójà ń dá mọ́tò dúró ní ọ̀nà Entebbe, wọ́n ń gba wúrà. Màmá gbé tikka sínú ìyẹ̀fun nínú agolo, wọ́n gbé oúnjẹ ọmọ lé e lórí. Sójà ki ọwọ́ bọ agolo, kò bá a. Leicester ni wọ́n ti rí i pé péálì kan ti bọ́. Wọ́n ní ìyẹ̀fun náà ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ níbí, àwọn ò mọ ẹni tó gbé péálì mì. Nígbà yẹn rèé, ìgbìmọ̀ ìlú yìí ti sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Ùgáńdà pé kí wọ́n má bọ̀ wá sí Leicester. Belgrave Road níbí ni wọ́n ti ra péálì ìkeje tó funfun yẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò yé mi. Mo ní kí wọ́n bá mi so ó lọ́jọ́ Sátidé, kí n lè rí àrà ọwọ́ wọn. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní rárá, ọwọ́ tèmi ni kó ṣe é. Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?

Ìyá Chennai

Ṣé opó ni wọ́n?

Onígèlè Leicester

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá.

Ìyá Chennai

Ẹ ò ṣẹ̀ wọ́n. Láyé àtijọ́, tí ọkọ bá kú, wọ́n á nu sindoor kúrò, wọ́n á fọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, wọ́n á bọ́ ọ̀ṣọ́ orí. Opó kì í sì í fọwọ́ kan ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí ẹ dán an wò yẹn, kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an, ìyẹn ni wọ́n fi lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé ò tẹ̀ lé e mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì ń fa ara wọn sẹ́yìn. Ẹ sọ fún ìyàwó, ẹ má dá sí i.

Onígèlè Leicester

Mo ti padà dé o, ẹ̀yin ará. Ẹsẹ̀ ń ro mí.

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé ni mo dé ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pín ìlà kó tó bá imú mu. Mo di irun tín-ín-rín. Nígbà tó kan tikka, màmá àgbà ti lọ jókòó sí kíṣìnnì, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Ìyàwó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó na tikka sí wọn. Mi ò gbọ́ Gujarati, àmọ́ "na, na" tí wọ́n ń wí yé mi. Ó pẹ́ díẹ̀. Mílíìkì orí iná hó, ó dà, kò sí ẹni tó pa á. Ọwọ́ màmá wá jáde lábẹ́ aṣọ. Mo ti sún mọ́ wọn: wọ́n dojú ìkọ́ sókè kí wọ́n tó ki í bọ abẹ́ ìdì, wọ́n wá yí i padà. Àrà ọwọ́ ọ̀hún ò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Èmi fi píìnì méjì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí àsìkò sindoor tó, ọmọ Ìjẹ̀bú gbé tikka sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́búlẹ́bú bọ́ sí imú ìyàwó. Mo ní ó ti bàjẹ́. Àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní tó bá ti kan imú, ọkọ yẹn á fẹ́ràn rẹ̀ gidi.

Ọmọ Ṣàgámù

Òjò ò rọ̀?

Onígèlè Leicester

Ó rọ̀. Leicester kúkú ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe wé gèlè ìyàwó tán, màmá àgbà fa àga, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n tọ́ka sí orí ara wọn.

Ṣadé Abẹ́òkúta

Áà! Èwo lẹ wé fún wọn?

Onígèlè Leicester

Mo gbé àlàárì àti ẹ̀tù jáde. Wọ́n fọwọ́ pa àlàárì, ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ẹ̀tù ni wọ́n mú. Wọn ò jẹ́ kí n tú u títí wọ́n fi wọ mọ́tò lọ sílé.